Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí máòsì USB kò fi ní máa jí kọ̀ǹpútà mi lójú oorun?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Linux ni mò ń lò. Bí mo bá ti ní kí kọ̀ǹpútà náà sùn, kì í pẹ́ tó fi ń jí. Ike kékeré USB tí máòsì aláìlókùn ń lò ló ń jí i, torí bí mo bá yọ ọ́, oorun náà á wọra.

Mo kọ́kọ́ kọ XHC sínú /proc/acpi/wakeup, ìyẹn fáìlì tó ń sọ ohun tó lè jí kọ̀ǹpútà, láti pa á. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ XHC yìí ló ń darí gbogbo ihò USB tó wà lára ẹ̀rọ mi, kíbọ́ọ̀dù náà kò bá lè jí i mọ́. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Kíbọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ máa fi jí i!

Mo wá wọ /sys/bus/usb/devices, mo wá fódà máòsì náà rí, mo sì kọ disabled (ìyẹn ni pé kó má lè jí i mọ́) sínú fáìlì power/wakeup rẹ̀. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pa kọ̀ǹpútà tí mo tún un tàn, á ti padà di enabled (ìyẹn ni pé ó tún lè jí i). Orúkọ fódà náà, bíi 1-3, tún máa ń yí padà bí mo bá ki ike náà bọ ihò míì.

Ṣé kí n kọ òfin udev (ètò Linux tó ń bójú tó àwọn ohun tí a bá so mọ́ ẹ̀rọ) tó máa fi idVendor àti idProduct, ìyẹn nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà ọjà náà, dá a mọ̀ ni, àbí systemd (ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí ẹ̀rọ bá tàn) ló dára jù? Ọkàn mi fà sí udev, torí kò ní í ṣe pẹ̀lú ihò tí mo bá lò. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà tí ẹ kọ hàn mí.