Abẹ disc mower mi ń fò yọ ṣáá, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùsìn ẹran. Ìṣẹ́yìn ni oko mi wà. Màlúù 14 àti àgbò iléyá díẹ̀ ni mò ń sìn. Kí koríko má baà wọ́n wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ṣe ra disc mower tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi abẹ tó ń yí bírí gé koríko, tí mo so mọ́ tírákítọ̀ mi. Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ó ń gé eruwà bí ìgbà tí èèyàn ń fárí. Àmọ́ bó bá ti dé ibi ọ̀gán àti kùkùté, “gbàù!” ni màá gbọ́. Abẹ mẹ́ta ti fò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀kan balẹ̀ sítòsí ibi tí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ jókòó sí. Títí di òní, àyà mi ṣì ń já.

Mo ti gbé ojú abẹ sókè díẹ̀, mo ń rọra wà á, mi ò sì jẹ́ kí ọ̀pá tírákítọ̀ tó ń yí i yípo ju ìgbà 540 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ṣáà máa ra abẹ. Owó dà?

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé kí n háyà katapílà kó wá hú kùkùté wọ̀nyẹn ni, àbí kí n ta disc mower yìí, kí n ra èyí tó ń gé bí àlùmọ́gàjí? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.