Àbọ̀ lórí táǹkì ìtọ́jú ẹja: amóníà ti wálẹ̀

Ohun tí mo béèrè ni ìdí tí amóníà, májèlé tó ń wá láti ara ìgbẹ́ ẹja, fi ń gòkè lójoojúmọ́ nínú táǹkì lítà 40 tí mo yà sọ́tọ̀ fún ẹja tó ń ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ fílítà tó ń fọ omi rẹ̀ mọ́ ń ṣiṣẹ́. Fóòmù fílítà náà ló jẹ́ tuntun: kò tíì sí bakitéríà tó ń jẹ amóníà nínú rẹ̀. Inú táǹkì ńlá, níbi tí àwọn ẹja yòókù wà, ló yẹ kó ti wà fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ṣáájú. Fóòmù tí bakitéríà ti kún inú rẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ fún un, omi rẹ̀ á dà bí ẹrẹ̀. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ tó ní chlorine, oògùn tó ń pa bakitéríà inú omi, fọ̀ ọ́ o.

Ẹni tí kò bá ní irú fóòmù bẹ́ẹ̀ á máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá yọ lítà 10, oògùn lítà 10 nìkan lẹ máa dá padà, kì í ṣe ti 40. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń fi oògùn pa ẹja. Ẹ yọ èédú kúrò nínú fílítà, torí ó ń fa oògùn mu. Methylene blue, ọ̀kan nínú oògùn ẹja, náà ń pa bakitéríà fílítà. Páìpù ike kan tó ẹja láti sá sí, kò nílò òkúta wẹ́wẹ́.

Fóòmù tó bá ti wà nínú táǹkì ẹja aláìsàn kò gbọdọ̀ padà sí táǹkì ńlá mọ́. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.