Titubi àti èrò sósíálíìsì nínú Morountodun: ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ní Àbújá níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní lítíréṣọ̀. Morountodun, eré Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan tó dá lórí ọ̀tẹ̀ Àgbẹ̀kọ̀yà, ìyẹn ìjà àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú ìjọba, la ń kà lọ́wọ́. Báwo gan-an ni òǹkọ̀wé ṣe fi Titubi gbin èrò sósíálíìsì, ìyẹn èrò pé kí ọrọ̀ ìlú jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, sí wa lọ́kàn?

Ọmọ olówó ni Titubi. Alhaja Kabirat, olórí àwọn ìyálọ́jà, ló bí i. Ó fara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́wọ̀n kó lè rọ́nà wọ àárín àwọn àgbẹ̀, kó sì mú olórí wọn fún ìjọba, bí Mọremí ṣe wọ àárín ọ̀tá Ifẹ̀. Àmọ́ nígbà tó bá wọn gbé, tó fojú ara rẹ̀ rí ìyà tó ń jẹ àwọn tó ń gbin oúnjẹ tóun ń jẹ, ó ní òun kì í ṣe Mọremí. Ibẹ̀ wọ̀ mí lára gan-an ni!

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní Marshal, olórí àwọn àgbẹ̀ náà, ni agbẹnusọ òǹkọ̀wé, torí òun ló ń jagun. Mi ò gbà. Lójú tèmi, ẹni tó fi ilé ọlà sílẹ̀ lọ bá mẹ̀kúnnù ló lè yí òǹwòran lọ́kàn padà jù. Kí lẹ rí sí i? Ìran wo ni kí n ní kí wọ́n tún kà?