Tírélà tó bò pa, mọ́tò wà nínú rẹ̀: báwo la ṣe ń gbà á lọ́wọ́ olè?

Àkàndé_Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará tẹ́ ẹ ń ra mọ́tò ní gbàǹjo tẹ́ ẹ sì ń kó o lọ sí èbúté. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá lórí tírélà tó bò pa: ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 24, ó fẹ̀ ní 8 ààbọ̀, axle (igi tó so táyà pọ̀) méjì, bọ́ọ̀lù 2 5/16 íǹṣì ló ń jókòó lé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń wó lulẹ̀ kí mọ́tò gùn ún wọlé, ilẹ̀kùn kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Mọ́tò kan máa ń sùn nínú rẹ̀ kí ọjọ́ ọkọ̀ òkun tó pé. Orí ilẹ̀ tí wọ́n da ọ̀dà sí ló ń wà, kò sí géètì. Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ náwó lé? Ṣé AirTag, ohun èlò kékeré Apple tó ń sọ ibi tí nǹkan wà, tó? Ṣé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tó ń fà á kan tírélà náà?

Wẹ́dà_Katy:
Àkàndé, iwájú ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Olè tó mọṣẹ́ kì í dúró ja ilẹ̀kùn lójú títì. Á fi ọkọ̀ tirẹ̀ so tírélà, á fà á lọ, á wá tú u níbi tó bá ti ráyè. Ohun tí kò ní jẹ́ kí tírélà kúrò lójú kan ni kí owó kọ́kọ́ bá lọ.

Lọ́ọ̀kì olówó pọ́ọ́kú tó ní bọ́ọ̀lù lábẹ́ àti irin tó tẹ̀ kọdọrọ lórí, má rà á. Irin rírọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, etí ihò tí irin yẹn ń wọ̀ á là tí wọ́n bá fi òòlù ńlá lù ú díẹ̀. Èyí tó bo gbogbo orí coupler (irin iwájú tírélà tó ń jókòó lé bọ́ọ̀lù ọkọ̀) pátápátá ni kí o wá, tó bo ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀ àti ọwọ́ tó ń dè é, tí ojú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì sá sínú. Proven Industries ń fi irin pẹlẹbẹ ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára coupler rẹ kí o tó sanwó, torí pé èyí tí wọ́n ṣe fún coupler kan kì í bá òmíràn mu. Bí àyè ìdajì íǹṣì bá ṣẹ́kù láàárín méjèèjì, ibẹ̀ ni wọ́n máa ki irin ìjálẹ̀kùn bọ̀.

Coupler nìkan kò tó. Àwọn kan wà tí wọn kì í tilẹ̀ wo ojú lọ́ọ̀kì: wọ́n á fi ṣéènì tírélà fúnra rẹ̀ wé bọ́ọ̀lù ọkọ̀ wọn, wọ́n á máa wọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí táyà náà fi gbọ́dọ̀ ní ìdè. Ra ṣéènì irin tí wọ́n fi iná mú le, 5/8 íǹṣì, nǹkan bíi mílímítà 16. Èyí tí ó jẹ́ 3/8 tí wọ́n ń gé tà ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́, bolt cutter (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé irin) ọlọ́wọ́ gígùn á gé e kí ẹnikẹ́ni tó yọjú. Fa ṣéènì náà gba inú rim táyà méjèèjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí o wá yí i ká igi axle. Bó bá jẹ́ rim nìkan lo fi kọ́, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì táyà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi táyà mìíràn dípò rẹ̀.

Má jẹ́ kí ṣéènì náà fara kan ilẹ̀. Bí ó bá ti wà nílẹ̀, olè á fi ọwọ́ bolt cutter kan ti ilẹ̀, á fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ ìkejì. Fà á le kí ó wà lókè, kí àgádágodo sì dojú kọ inú lẹ́yìn táyà. Giráíńdà oníbátìrì á gé gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí o, ẹ má tan ara yín. Ohun tí à ń rà ni ariwo, iná tó ń ta pàrà, àti iye ibi tó gbọ́dọ̀ gé.

Èyí tí kò ná ọ lówó: sọ jáàkì iwájú kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kí o yọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i, kí o gbé e wọlé.

Rísí_Arlington:
Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà ti sọ ti iwájú, mo fara mọ́ ọn, àfi pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ilẹ̀kùn, torí mọ́tò tó wà nínú lè wọ́n ju tírélà lọ.

Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe kan irin tí àgádágodo ń há sí láti iléeṣẹ́. Súkúrúù lásán ni wọ́n sábà máa ń lò, orí rẹ̀ sì wà níta gbangba. Dírílì kékeré ló máa tú u, àgádágodo yín á sì wà lódindi lọ́wọ́ olè. Ẹ yọ wọ́n, ẹ fi bóòtù 3/8 tí orí rẹ̀ rí rogodo rọ́pò wọn, kí nọ́ọ̀tì wà nínú lórí irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó 3/16 íǹṣì. Láìsí irin pẹlẹbẹ yẹn, wọ́n lè fi agbára fa bóòtù já gba inú pákó ògiri.

Àgádágodo tó rí roboto bí agolo pẹlẹbẹ, mílímítà 73, ni kí ẹ lò pẹ̀lú ìdè onírin tó bò ó yíká. Kò sí ọrùn tí bolt cutter máa bù mọ́. Ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń gbàgbé: bí igi ínjì rẹ̀ bá wà níta tó sì ṣeé lù jáde, lọ́ọ̀kì ti di ẹ̀ṣọ́ lásán. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó orí igi náà lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé lọ́ọ̀kì tó bá ilẹ̀kùn náà wá. Tẹ́ ẹ bá rí CH751 lára kọ́kọ́rọ́ kékeré èyíkéyìí tó bá tírélà wá, ẹ mọ̀ pé irú rẹ̀ wà nílé àìmọye ènìyàn, wọ́n sì ń tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ gbé e sí, èmi á ní kí ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nílò nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 kó tó wó lulẹ̀ tán. Bí ògiri bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí i, wọn ìbáà gé gbogbo àgádágodo, mọ́tò kò ní jáde.

Wẹ́dà_Katy:
Rísí, níbẹ̀ yẹn mi ò gbà pẹ̀lú rẹ. Bí ẹ̀yìn bá ti ògiri, coupler ló kọjú síta, wọ́n á kàn fi ọkọ̀ sún mọ́ ọn ni. Coupler ló yẹ kó kọjú sógiri.

Rísí_Arlington:
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn á dára bó bá jẹ́ pé tírélà ṣófo. Tí mọ́tò bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn sógiri, kí ọkọ̀ tó ń fà á sì dábùú iwájú coupler pẹ́kípẹ́kí. Bí kò bá sí ọkọ̀ tí yóò dábùú, mo gbà pẹ̀lú yín.

Bọ́lájí_Oníwáyà:
Lórí AirTag: kò ní GPS (ohun tó ń gba àmì sátẹ́láìtì láti mọ ibi tó wà) nínú. Fóònù Apple tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bá a sọ ibi tó wà, nítorí náà ní oko tí kò sí ènìyàn, á dákẹ́. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ṣe é kó má bàa di ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ ènìyàn káàkiri: fóònù olè á kìlọ̀ fún un pé AirTag kan ń tẹ̀ lé e, AirTag náà á sì dún tó bá ti pẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ fi ṣe ìkejì, kì í ṣe àkọ́kọ́.

Tírákà tòótọ́ ni kí ẹ rà, ẹ̀rọ tó ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù 4G LTE sọ ibi tí tírélà wà. Tí wọ́n bá ń ta ògbólógbòó 3G fún yín ní ẹ̀dínwó, ẹ má dá wọn lóhùn, torí láti ìparí 2022 ni iléeṣẹ́ fóònù ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Amẹ́ríkà ti pa 3G. Ara àlùmíníọ̀mù tírélà máa ń dí àmì GPS, nítorí náà ẹ má sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ kí ẹ ní ó tán. Abẹ́ ìdérí ike ihò afẹ́fẹ́ òrùlé ló dára jù, torí àmì ń gba inú ike kọjá. Tẹ́ ẹ bá ń pààlà tí yóò fi kìlọ̀, ẹ má mú un kéré ju mítà 50 lọ. GPS máa ń ṣípò díẹ̀ fúnra rẹ̀, á máa jí yín lóru láìnídìí, ẹ ó sì pa ohùn rẹ̀.

Àkàndé_Houston:
Ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè méjì kù. Ṣé mo lè so wáyà tírákà mọ́ bátìrì kékeré tó wà fún breakaway, èyí tó ń di bíréèkì mú bí tírélà bá já? Ṣé mo sì lè kan ìdè mọ́ ọ̀dà ilẹ̀?

Bọ́lájí_Oníwáyà:
Rárá sí ti bátìrì. 5 Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́) ni èyí tó wọ́pọ̀. Bí tírákà bá ń mu mílíámpù 20 láìdúró, á ti mu 0.48 Ah lójúmọ́, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni bátìrì á ti gbẹ, torí ìgbà tí ọkọ̀ bá so mọ́ tírélà nìkan ló ń gba iná. Bátìrì yẹn ló gbọ́dọ̀ di bíréèkì mú fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15 bí tírélà bá já lójú ọ̀nà, òfin ìjọba àpapọ̀ sì ni fún àwọn tó ń fi tírélà ṣòwò. Ẹ gbé bátìrì 12 V mìíràn sínú, ẹ fi fíúsì 1 A sí wáyà nítòsí rẹ̀, kí ẹ fi sólà 20 W sórí òrùlé. Òkùnkùn inú tírélà kò kan sólà.

Màmá_Kọ́lá:
Àkàndé ọmọ mi, ti ìnṣọ́ránsì: ti ọkọ̀ tó ń fà á sábà máa ń bo ìbàjẹ́ tí tírélà bá ṣe fún ẹlòmíràn nígbà tó so mọ́ ọn. Bí wọ́n bá jí tírélà náà fúnra rẹ̀, àfi kí o ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú comprehensive, irú ìnṣọ́ránsì tó ń bo olè jíjà. Mọ́tò inú rẹ̀, ọ̀tọ̀ náà ni. Bó bá jẹ́ mọ́tò oníbàárà ni, ìnṣọ́ránsì ẹrù inú ọkọ̀ lo nílò. Ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń kọ̀ láti sanwó.

Ya fọ́tò VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tírélà), lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, kí o sì tẹ̀ 8 ìkẹyìn sórí irin abẹ́ níbi tí kò hàn síta, torí bébà tí wọ́n lẹ̀ ni olè kọ́kọ́ ń yọ. Ní Texas, tírélà tí ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá ju 4,000 pọ́n-ùn gbọ́dọ̀ ní táítù, ìwé tó fi hàn pé ìwọ lo ni ín. Má fi bébà yẹn sínú tírélà. Funfun báyìí ni gbogbo wọn, nítorí náà kọ nọ́ńbà ńlá sórí òrùlé kí wọ́n lè dá tìrẹ mọ̀ láti òkè.

Wẹ́dà_Katy:
Ọ̀dà kì í di bóòtù mú, oòrùn Texas á sọ ọ́ di rírọ̀, wọ́n á fi jáàkì fà á tu. Bí onílẹ̀ bá gbà, gé ọ̀dà, gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní íǹṣì 18, tó jìn ní 24. Ki irin oníhò ńlá sínú rẹ̀, kí ọ̀pá rébà (irin tí wọ́n ń fi sínú kọnkéré) méjì dábùú ara wọn nísàlẹ̀ rẹ̀, tí o ti jó pọ̀ mọ́ ọn. Báàgì kọnkéré 80 pọ́n-ùn mẹ́fà ló máa kún un. Jẹ́ kí ojú irin náà wà ní ìwọ̀n ilẹ̀ gan-an kí táyà má bàa gbá a, kí o sì dúró fún ọjọ́ 7 kí o tó fi ṣéènì fà á le.