Ara ọkọ mi ò yá, ìyá ọkọ mi tún ti gba ilé ìdáná

Ẹni tó forúkọ pamọ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Alámòójútó, ẹ ṣeun tí ẹ fi orúkọ mi pamọ́, torí àbúrò ọkọ mi wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ọjọ́ kẹfà rèé tí ara ọkọ mi ti ń gbóná, kì í ṣe èyí tó ń gbọ̀n yẹn, ó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ń gé àlùbọ́sà. Àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ sú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, oríkèé ọwọ́ sì ń ro ó débi pé èmi ni mò ń bá a ṣí ìdérí omi oníke. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà méjì, wọn ò rí ibà. Síbẹ̀, oògùn ibà náà ni wọ́n tà fún wa. Ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n gbé àgbo dé láti Ìkìrun. Ìkòkò ọbẹ̀ tuntun tí mo fi owó àjọ rà, aláwọ̀ ewé, òun ni wọ́n fi sè é! Ìdí rẹ̀ ti dúdú bí ìkòkò aláró. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní mi ò fẹ́ kí ọmọ àwọn yè. Fọkanáísà tó wà níwájú ilé náà ò jẹ́ ká sinmi, táyà olómi rẹpẹtẹ, ẹ̀fọn lọ́tùn-ún lósì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe máa ní kí màmá máa lọ sílé tí kò ní dìjà?

Ìyá Ìbejì Òkè-Báálẹ̀: Tífọ́ọ̀dù ni. Bó ṣe mú bàbá ìbejì nìyẹn lọ́dún tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà wa. Ti ìyá ọkọ, hùn! Tèmi ní ọjọ́ mẹ́ta làwọn fẹ́ lò, oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò. Wọ́n ń ka ẹran inú ọbẹ̀ mi.

Alágbo Ọjà Ọba: Ẹ jẹ́ kí màmá ṣe tiwọn. Ìkòkò ṣe é rà, ọkọ ò ṣe é rà.

Bàbá Kékeré: Ẹ máa sùn nínú àwọ̀n, ọ̀rọ̀ parí.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fíà: Kò parí, bàbá. Ẹ̀fọn ibà ló ń jẹni lóru. Èyí tó ń yé sínú táyà olómi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlà funfun, ọ̀sán ló ń jẹ tiẹ̀. Ìyàwó, ẹ dá mi lóhùn: ṣé ọkọ yín rìnrìn àjò láìpẹ́? Oògùn ara ríro wo ló ń lò? Ṣé aboyún wà nínú ilé?

Ẹni tó forúkọ pamọ́: Ó bá àwọn onílù lọ sí Salvador ní Brazil, ó di ọjọ́ mẹ́wàá lónìí tó ti dé. Kẹ́míìsì fún un ní diclofenac, ó sì ń dẹ̀ ẹ́ lára díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ó tọ́ kí wọ́n máa fi ìkòkò ọbẹ̀ se àgbo?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fíà: Ẹ fi ìkòkò sílẹ̀ ná. Ẹ dá diclofenac dúró lónìí, àti ibuprofen àti aspirin; bó bá lọ jẹ́ àrùn dẹ́ńgì ló ń ṣe é, wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Paracetamol, omi, ìsinmi. Àrùn Zika ni mò ń fura sí jù, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kan náà ló ń gbé méjèèjì kiri, àyẹ̀wò ló máa yà wọ́n. Ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè kẹta.

Bàbá Kékeré: Àrùn òyìnbó lẹ tún fẹ́ fi dẹ́rù bà wá.

Ọmọ Òṣogbo Tòótọ́: Òyìnbó bọ̀? Igbó Zika ní Uganda ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lára ọ̀bọ, ní 1947. Láàárín 1970 sí 1979, wọ́n rí i nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn ní Ọ̀yọ́ níbí. Ìgbà tó ràn ká Brazil ní 2015 ni ariwo ta, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ìpàjáwìrì ní oṣù kejì 2016.

Bàbá Kékeré: Kí ló dé tí kò pa wá nígbà náà?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fíà: Torí kì í sábà pa àgbàlagbà. Nínú èèyàn márùn-ún tó bá mú, mẹ́rin lè má mọ̀ rárá. Ọmọ inú ló ń bá jà: ó lè jẹ́ kí orí ọmọ kéré, kí ọpọlọ rẹ̀ má dàgbà bó ṣe yẹ.

Ẹni tó forúkọ pamọ́: Ẹ má bínú, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti bíi wákàtí méjì. Oyún oṣù méjì àbọ̀ ló wà lára mi. Méjì ti bàjẹ́ sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ọkọ mi. Màmá ò mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò dé Brazil, kí ló wá kàn mí níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fíà: Ìyàwó mi, ọkọ lè kó o ran aya lórí ibùsùn láìsí ẹ̀fọn kankan níbẹ̀. Ẹ̀fọn iwájú ilé yín náà sì lè gbé e lára rẹ̀, kó wá jẹ yín lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń kàn o, ẹ má tíì sunkún. Kọ́ńdọ̀mù, tàbí kí ẹ fà sẹ́yìn títí ẹ ó fi bímọ. Aṣọ alápá gígùn lọ́sàn-án, kí ọkọ yín náà máa sùn nínú àwọ̀n lọ́sàn-án. Ní àárọ̀ ọ̀la, ẹ lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital. Oyún àti Brazil ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dárúkọ fún dókítà, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ ibà.

Ìyá Ìbejì Òkè-Báálẹ̀: Kí wọ́n yẹ tífọ́ọ̀dù náà wò o.

Ẹni tó forúkọ pamọ́: Láti àná ni inú apá ti ń yún èmi náà. Mo rò pé ooru ni.

Skipo Ìgbọ́nà: Ìyàwó wa, èmi ni mo bá yín ru ìkòkò aláwọ̀ ewé yẹn láti Ọjà Ọba. Aago méje àárọ̀, mọ́tò mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò sọ nǹkan kan fún màmá.