Ètè bàbá mi ń ṣáájú ọ̀rọ̀ wọn nínú fídíò tí mo ṣe, tẹlifíṣọ̀n kò sì gbà á. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi.

Mo fi fóònù ya fídíò bàbá mi bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn ìgbà èwe wọn. Àgbà ti dé sí wọn, wọn kì í lè jókòó pẹ́ mọ́, ìjókòó kan ṣoṣo yìí ni mo sì rí gbà lọ́wọ́ wọn. Mo gé ibi tí wọ́n ti ń wúkọ́ kúrò, mo ki fọ́tò àtijọ́ bọ àárín, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ìṣẹ́jú 47. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n fi ń to fídíò lórí kọ̀ǹpútà ni mo lò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn àti ètè bára mu. Tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú 40, àwòrán á ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì àbọ̀ ṣáájú ohùn. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti dárúkọ ìyá mi, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Nínú fídíò tí mo ṣe, ẹ̀rín yẹn ti kúrò lójú wọn kí ẹ tó gbọ́ orúkọ náà. Ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Bí mo bá tún ní kó export, ìyẹn kó sọ gbogbo iṣẹ́ náà di fáìlì fídíò kan, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń dúró sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní kí n pa hardware encoding, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi káàdì àwòrán rẹ̀ (graphics card) ṣe export, mo pa á, ó sì parí, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà mí ní wákàtí márùn-ún. Fáìlì tó jáde jẹ́ 5.6 GB, flash mi ní òun ò gbà á, bẹ́ẹ̀ 32 GB ni flash náà, kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo wá yan H.265, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dín ìtóbi fídíò kù, torí wọ́n ní kì í tóbi. Ó wọ flash lóòótọ́. Mo fi flash náà sí tẹlifíṣọ̀n bàbá mi: ohùn ń jáde, ojú rẹ̀ dú kirikiri. Bàbá jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń bi mí pé, "Èmi dà?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ẹ tó tún export ohunkóhun, ẹ mú fáìlì tó ti inú fóònù wá gan-an, èyí tí ẹ ò tíì gé, ẹ fi VLC, sọ́fítíwíà tí a fi ń wo fídíò, ṣí i, kí ẹ sún un lọ sí apá ìparí. Ṣé ètè àti ohùn bára mu níbẹ̀?

Olùbéèrè

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán. Ó bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí ẹ̀rù ti ń bà mí pé fídíò náà ti bàjẹ́ láti inú fóònù.

Ìdáhùn

Ẹ ya ohùn kúrò lára àwòrán, kí ẹ fà á sí apá òsì díẹ̀ títí tó fi máa bára mu. Bí èmi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Ìdáhùn

Ẹ má bínú, ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, èyí ò ní ṣiṣẹ́ fún un. Fífa ohùn dára tí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ iye kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tirẹ̀ ń pọ̀ sí i bí fídíò ṣe ń lọ ni. Tó bá fà á kó lè bára mu ní ìṣẹ́jú 40, ìbẹ̀rẹ̀ á dàrú.

Àbúrò mi, gba MediaInfo, sọ́fítíwíà tó ń sọ bí fáìlì fídíò ṣe rí, sórí kọ̀ǹpútà rẹ, ọ̀fẹ́ ni. Fi ṣí fáìlì fóònù náà, kí o wo ohun tó kọ sí iwájú Frame rate mode. Ọkàn mi sọ fún mi pé Variable ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í ya iye frame (àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò) kan náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí yàrá bá ṣókùnkùn díẹ̀, ó lè dá frame kọ̀ọ̀kan dúró pẹ́ sí i kí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó wọlé, iye tó ń yà á sì lọ sílẹ̀. VLC ń wo àkókò tí fóònù kọ mọ́ frame kọ̀ọ̀kan lára, ìdí nìyẹn tí ohùn àti ètè fi bára mu níbẹ̀. Àwọn sọ́fítíwíà kan tí a fi ń to fídíò kì í wò ó; wọ́n á kàn gbà pé frame 30 ni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n á sì máa tò ó lọ bẹ́ẹ̀.

Tí fóònù rẹ bá ya 29.97 ní ìpíndọ́gba, tí sọ́fítíwíà wá ń lò ó bí ẹni pé 30 ni, àwòrán á máa fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sáré ju ohùn lọ. Ó kéré lójú, àbí? Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 40 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 2,400. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀ jẹ́ 2.4. Òun ló gbé ẹ̀rín bàbá lọ kí orúkọ tó dé.

Ohun tí wàá ṣe ni pé kí o fi HandBrake, sọ́fítíwíà tó ń sọ fídíò di irú mìíràn, ṣí fáìlì fóònù náà. Lábẹ́ Video, mú 30 níbi Framerate, kí o sì yan Constant Framerate. Fi RF sí 18; bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i ni àwòrán ṣe ń dára sí i, tí fáìlì náà sì ń tóbi. Fún èyí tó bá jáde ní orúkọ tirẹ̀, má kọ ọ́ lé ti àkọ́kọ́ lórí. Òun ni kí o wá fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ. Àwọn ojú ibi tí o ti gé lè yẹ̀ díẹ̀, torí náà fara balẹ̀ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ìdáhùn

Ti 63 yẹn ni mo fẹ́ bá yín wò. Export tó bá ń dúró sí ojú kan náà ní gbogbo ìgbà, nǹkan kan wà lójú ibẹ̀ tó ń dá a dúró. Ká ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń dúró sí ni, mi ò bá ní kí ẹ wò ó bóyá kọ̀ǹpútà ń gbóná jù tàbí àyè ti tán lórí dísìkì. Ìdá 63 nínú ìṣẹ́jú 47 bọ́ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 29 àti àáyá 36. Ẹ lọ síbẹ̀ lórí timeline, ìlà tí ẹ to fídíò náà sí. Kí ló wà níbẹ̀?

Olùbéèrè

Háà! Fọ́tò ìgbéyàwó wọn ni. Mo scan rẹ̀, ó sì fẹ̀ tó pixel 14,000. Mo ní kí kámẹ́rà máa sún mọ́ ojú ìyá mi díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, MediaInfo kọ Variable lóòótọ́. 29.97 gẹ́lẹ́ ni ìpíndọ́gba rẹ̀.

Ìdáhùn

Òun náà nìyẹn. Fídíò HD kò fẹ̀ ju 1,920 lọ, ẹ wá gbé 14,000 lé káàdì àwòrán lórí, ẹ tún ní kó máa sún un. Memory rẹ̀ ló kún. Nígbà tí ẹ pa hardware encoding, ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ló jẹ́ kó kọjá, àmọ́ ẹ rí iye wákàtí tó gbà. Ẹ dín fọ́tò náà kù sí 4,000 kí ẹ tó tún gbé e wọlé. Ẹ ṣì lè sún un ní ìlọ́po méjì láì jẹ́ kí ojú ìyá ṣú. Lẹ́yìn náà, ẹ tan hardware encoding padà.

Ìdáhùn

Flash yín, FAT32 ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, ó dá mi lójú tán. FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju 4 GB lọ, ì báà jẹ́ pé flash náà ṣófo. Ẹ lè sọ ọ́ di exFAT, àmọ́ ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò mọ exFAT kà, ẹ ò sì ní fẹ́ bọ́ sínú wàhálà mìíràn. Ẹ kúkú dín bitrate kù, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ń gbà. 5.6 GB fún ìṣẹ́jú 47 fi hàn pé 16 Mbps lẹ lò. Ẹ lo 8: ìṣẹ́jú kan á jẹ́ 60 MB, gbogbo rẹ̀ á wá jẹ́ nǹkan bí 2.8 GB. Fún ẹni tó jókòó sójú kan tó ń sọ̀rọ̀, 8 tó dáadáa.

H.265 ló mú ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Ọdún 2013 ló jáde, ti H.264 tó ṣáájú rẹ̀ sì ti wà láti 2003. Tẹlifíṣọ̀n tí kò bá ní ohun tó ń tú H.265 kò lè fi àwòrán rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n irú ohùn tí wọ́n ń pè ní AAC ló wà nínú rẹ̀, ó mọ ìyẹn, ló ṣe ń gbọ́ ọ. Ẹ padà sí H.264, ohùn AAC, nínú MP4.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má export ìṣẹ́jú 47 kí ẹ tó mọ̀ bóyá yóò ṣí. Ẹ mú ààbọ̀ ìṣẹ́jú péré níbi tí bàbá ti dárúkọ ìyá, ẹ export ìyẹn, kí ẹ sì gbé e lọ sí iwájú tẹlifíṣọ̀n wọn.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ṣe ààbọ̀ ìṣẹ́jú yẹn lálẹ́ àná, ó ṣí. Mo wá ṣe gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò dúró ní 63, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú 25 lọ. Ojú ibi mẹ́ta ni gígé mi ti yẹ̀, mo ti tún wọn ṣe.

Bàbá ti wò ó. Nígbà tó dé ibi orúkọ ìyá mi, wọ́n ní kí n dá a padà síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dá a padà.

Ìdáhùn

A dúpẹ́ o. Àbúrò mi, má tíì pa fáìlì inú fóònù yẹn rẹ́. Dà á sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lónìí, kí o sì ṣí àwọn méjèèjì wò dé òpin kí o tó yọ ohunkóhun kúrò lórí fóònù.