Ta ló máa bá mi tọ́jú ìkòkò aró?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ìdí iṣẹ́ ọnà. Aláró ni mí l'Óṣogbo, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ kọ̀wé sí G.A.S. (Guest Artists Space), tí Yinka Shonibare, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, dá sílẹ̀, níbi tí oníṣẹ́ ọnà ti lè lọ gbé fúngbà díẹ̀ kó fi ráyè ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ilé l'Ékòó, wọ́n tún ní òmíràn lóko n'Íjẹ̀bú. Ti oko ló wù mí. Ẹni tó bá mọ òórùn aró á mọ ìdí.

Ìkòkò mi ló ń kọ mí lóminú. Bí n ò bá rò ó láràárọ̀, kí n wo ìfóòfó orí rẹ̀, aró á kú. Ọmọ iṣẹ́ mi mọ bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sáṣọ, ó tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àmọ́ aró ò tíì yé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ irú ibẹ̀ rí, ta lẹ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún? Àwọn oníbàárà ńkọ́? Bí mo bá kọ ọ́ síwèé pé mo fẹ́ dá aró tuntun lóko wọn, ṣé wọn ò ní rò pé wàhálà mi ti pọ̀ jù?